Owó Típù Inú Ṣíìpù Ìgbafẹ́: Owó Iṣẹ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Ni, Ẹ Má Ní Kí Wọ́n Yọ Ọ́

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó máa ṣàlàyé ẹ̀. Owó tí àwọn ṣíìpù ìgbafẹ́ ńláńlá yẹn máa ń kọ sórí bíìlì èèyàn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń pè ní típù, kì í ṣe irú owó "ẹ fi ra omi tútù" tí à ń fún síkiọ́rítì báǹkì ní Ìbarà tàbí àwọn ọmọ tó ń ta epo. Owó iṣẹ́ ni. Òun lọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń gbé oúnjẹ, tó ń fọ abọ́ nínú ọkọ̀ yẹn fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé ọmọ nílé. Ẹni tó bá wá lọ síbi káńtà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí bíìlì òun, kì í ṣe kọ́ńpìnnì ló fìyà jẹ, ọmọ ọlọ́mọ ló fìyà jẹ. Àwọn ọmọ tiwa náà tó ń wá iṣẹ́ ṣíìpù lójú méjèèjì báyìí, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lùwé pé iye tí ejẹ́ǹtì ń pariwo sí wọn létí yẹn, ọwọ́ èrò ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Panṣẹ́kẹ́, a máa ń tẹ̀wé, a máa ń ṣe fọ́tókọ́pì, a máa ń bá èèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, JAMB o, páásípọ́ọ̀tù o, NIN o, ohun tó bá ṣáà ti jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà. Kí n tó dá dúró, hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ṣiṣẹ́ nílùú Abẹ́òkúta níbí náà, mo tún yàrá ṣe, mo gbé oúnjẹ fún àlejò, mo mọ bí ẹ̀yìn ṣe máa ń rí lára téèyàn bá ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀. Ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ yìí fi máa ń dùn mí ju bó ṣe ń dun ẹlòmíì lọ. Láìpẹ́ yìí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé kọ́ńtíráàtì ṣíìpù wá bá wa lórí fóònù wọn, "Àǹtí, ẹ bá mi tẹ èyí jáde," ojú wọn á máa dán, inú èmi náà á máa dùn sí wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè tẹ ìwé ẹni kan kí n má kà á, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan wá láti Ọ̀bàntókò, iṣẹ́ tó rí ni kó máa tún yàrá àwọn èrò ṣe, cabin steward ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní kí n tẹ ẹ̀dà méjì, kí n sì bá òun lámínéètì ọ̀kan torí bàbá òun fẹ́ fi han àwọn ẹbí. Mo ní, "Àbúrò mi, ṣé o ti kà á?" Ó ní, "Mo ti kà á mà," ó wá dárúkọ iye tó máa máa gbà lóṣù, owó gidi ni. Mo ní kó wá wo ojú ìwé kejì pẹ̀lú mi. Wọ́n pín owó oṣù yẹn sí ìlà ìlà. Ìlà àkọ́kọ́ basic wage, ìlà kejì owó ófátáìmù tí wọ́n ti ṣírò mọ́ ọn, ìkẹta leave pay, ìyẹn owó ìsinmi, wọ́n wá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n fa ìlà sí abẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ guaranteed sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Lábẹ́ gbogbo ìyẹn ni wọ́n tún wá kọ ìlà míì sí, estimated gratuities, ìyẹn típù tí wọ́n kàn fojú bù, lẹ́tà ibẹ̀ tiẹ̀ kéré sí ti òkè. Iye tí ọmọ yẹn ń dárúkọ fún gbogbo ayé, àròpọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ni. Iye tí kọ́ńpìnnì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn máa san kò tó ìdajì ẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé wọn ò ní san ti ìsàlẹ̀ yẹn ni?" Mo ní wọ́n lè san án, wọ́n tiẹ̀ lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù tí ọkọ̀ bá kún dẹ́múdẹ́mú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ẹ̀ fún un. Tí èrò ò bá pọ̀, ó máa dínkù. Tí ọ̀pọ̀ èrò bá lọ ní kí wọ́n yọ típù kúrò lórí bíìlì àwọn, ó máa dínkù. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí èrò kankan nínú ẹ̀ nígbà yẹn, ta ló máa san típù? Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ ẹ̀ jẹ́ rárá o, mo kàn ní kó pe ejẹ́ǹtì ẹ̀ lójú mi níbẹ̀, kó bi í ní ìbéèrè kan péré: tí kò bá sí èrò kankan nínú ọkọ̀, èló ló máa wọ báǹkì òun níparí oṣù? Ejẹ́ǹtì yẹn kọ́kọ́ ń sọ ti Miami, ó ń sọ ti Bahamas, ó ń sọ bí òkun ṣe dáa tó, kó tó wá dárúkọ iye tó wà lórí ìlà òkè yẹn gan-an. Ọmọ náà ní òun ṣì máa lọ, torí ìyẹn náà ju ohun tí wọ́n ń san fún òun níbi tó ti ń bá èèyàn tajà lọ fíìfíì, mi ò sì lè bá a jiyàn, ₦70,000 lóṣù ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, ẹni tó sì ń gba iye yẹn gan-an ní ọjà ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó ń bá lọ, kò ní lọ máa yá owó kalẹ̀ dè é.

Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn nípa ọkọ̀ tí ò ní èrò, kó rántí 2020. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn ṣíìpù ìgbafẹ́ dúró káàkiri ayé nítorí kòrónà, CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kejì, gbogbo ayé ti gbọ́ nípa Diamond Princess tí wọ́n sé mọ́lẹ̀ ní Yokohama ní Jàpáàn, àwọn tó lé ní 700 ló kó àrùn náà nínú èèyàn bíi 3,700 tó wà nínú ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn èrò nínú gbogbo ìyẹn. Àwọn èrò padà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n relé wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ káàkiri ayé ò rí bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, oṣù gorí oṣù nínú omi torí àwọn orílẹ̀-èdè ti ti bọ́dà. Kò sí èrò, kò sí típù, ọ̀pọ̀ tí kọ́ńtíráàtì wọn sì parí sójú omi, oúnjẹ àti ibùsùn nìkan ni wọ́n ń rí. Mo máa ń rò ó pé tó bá jẹ́ pé owó oṣù tó dúró sójú kan ni gbogbo wọn ń gbà, ìyà yẹn ò bá mọ níwọ̀n.

Kí ló wá dé tó fi rí báyìí? Ọ̀rọ̀ àsíá ni. Ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì lè wà ní Miami, èrò inú ọkọ̀ lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà látòkèdélẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, Nassau lẹ máa rí tí wọ́n kọ síbẹ̀, tàbí Panama, tàbí Valletta ti Malta, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, àsíá ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń ta, òfin ibẹ̀ ló sì ń darí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Royal Caribbean tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, Làìbéríà ni wọ́n ti forúkọ kọ́ńpìnnì fúnra ẹ̀ sílẹ̀ láti 1985, Làìbéríà tiwa níbí o. Nítorí náà $7.25 tí òfin Amẹ́ríkà ní owó iṣẹ́ wákàtí kan ò gbọdọ̀ dín sí, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fọ abọ́ nínú ọkọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Flórídà ló ti ń gbéra lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Amẹ́ríkà yẹn náà ni wọ́n sì ti mú àṣà pé oníbàárà ló máa parí owó oṣù òṣìṣẹ́ wá. Lórí ilẹ̀ wọn níbẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí ilé oúnjẹ san $2.13 péré ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gba típù, tí típù ẹ̀ bá ṣáà ti lè ro ó dé $7.25, láti 1991 sì ni $2.13 yẹn ti wà lójú kan. Àṣà yẹn ni wọ́n gbé wọ ojú omi, tí wọ́n wá fi ń san owó fún ọmọ Filipíìnì, ọmọ Indonéṣíà àti ọmọ Íńdíà, àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yàrá àti ti oúnjẹ níbẹ̀.

Òfin àgbáyé kan wà tó kàn wọ́n ṣá. Maritime Labour Convention ti 2006 ni wọ́n ń pè é, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 2013, Nàìjíríà náà fọwọ́ sí i lọ́dún yẹn. Ó ní oúnjẹ inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ìtọ́jú ara náà ọ̀fẹ́, owó oṣù ò gbọdọ̀ kọjá oṣù kan kí wọ́n tó san án, ọlọ́kọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dá òṣìṣẹ́ padà sílé nígbà tí kọ́ńtíráàtì bá parí. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ti wákàtí. Òfin náà ní orílẹ̀-èdè tó ni àsíá lè yàn láti máa ka wákàtí iṣẹ́ tàbí láti máa ka wákàtí ìsinmi. Tó bá jẹ́ ìsinmi ló ń kà, kò gbọdọ̀ dín sí wákàtí 10 lóòjọ́ àti 77 lọ́sẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ẹ yọ 77 kúrò, 91 ló kù. Ìyẹn ni pé wọ́n lè lo èèyàn fún wákàtí 91 láàárín ọjọ́ méje kí ó má sì tíì ta ko òfin. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣe é dé ibẹ̀, wákàtí bíi mẹ́wàá lóòjọ́ lọ̀pọ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni o, oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni kọ́ńtíráàtì, kò sí Sátidé, kò sí Sọ́ńdè, kò sí Iléyá, kò sí Kérésìmesì. Ọjọ́ tí èrò kan ń sọ̀ kalẹ̀ lówùúrọ̀ ni èrò míì ń wọlé lọ́sàn-án, gbogbo yàrá gbọ́dọ̀ ti dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀ rí. Tílẹ̀ bá wá ṣú, òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹnì kejì ẹ̀ á lọ fara pamọ́ sí yàrá kótópó kan nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí ò ní fèrèsé. Mo ṣe iṣẹ́ yàrá, mo sì máa ń relé lọ sùn, ojú mi ò rí irú ìyẹn.

Màmá kan wà ládùúgbò wa ní Asérò, Màmá Tíṣà la máa ń pè wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́. Ọmọ wọn tó wà ní Houston ló mú wọn lọ ṣe kúrúùsì ọlọ́jọ́ méje láti Galveston, àwọn, ọmọ, ìyàwó ọmọ àti ọmọ-ọmọ kan. Nígbà tí wọ́n dé, mo lọ kí wọn. Ọ̀rọ̀ láfún ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, pé gbogbo oúnjẹ tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, èèyàn ò lè rí láfún jẹ, ìgbà tá a rẹ́rìn-ín yẹn tán ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ bíìlì. "Ọmọ mi, olè ni wọ́n o! Wọ́n ti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tán, wọ́n tún ń kọ dọ́là mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún sí èèyàn lọ́rùn lójoojúmọ́, ta ló bi mí bóyá mo fẹ́ fún wọn?" Wọ́n ṣí bíìlì náà hàn mí lórí fóònù, lóòótọ́, ó tò tẹ̀lé ara wọn látòkè dé ìsàlẹ̀, 16.00, 16.00, 16.00, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, títí kan ti ọmọ kékeré yẹn. $16 lọ́nà èèyàn mẹ́rin lọ́nà ọjọ́ méje, $448 nìyẹn. Mo gbà pé ó pọ̀ lójú ẹni tí ò retí ẹ̀.

Wọ́n ní ọmọ àwọn binú, ó lọ bá wọn níbi káńtà, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Màmá fúnra wọn wá fi $20 sínú ẹ́ńfílóòpù, wọ́n fún ọ̀gbẹ́ni tó ń tún yàrá wọn ṣe. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ bí Màmá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin yẹn! Ọmọ Indonéṣíà ni, ó ní ọmọ méjì nílé. Ó kíyè sí i lọ́jọ́ kejì pé orúnkún ń dùn wọ́n, láti ọjọ́ yẹn ó ń gbé yìnyín wá nínú báàgì láṣáálẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ránni pè é. Ó máa ń ká táwẹ́ẹ̀lì bí erin, bí ọ̀bọ, á gbé e ka orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ á máa ké ní ọ̀yàyà. Fọ́tò erin yẹn wà lórí fóònù wọn, wọ́n fi hàn mí kí wọ́n tó fi fọ́tò òkun hàn mí.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ n bi yín. Ta ló fọ táwẹ́ẹ̀lì tó fi ká erin yẹn?" Wọ́n ní, "Ṣé mo rí wọn ni?" Mo ní ẹ ò rí wọn lóòótọ́ mà, ẹ ò sì rí àwọn tó ń fọ abọ́, àwọn tó ń gé àlùbọ́sà láti òru, ọmọ tó ń bá ẹni tó gbé oúnjẹ fún yín kó àwo, ṣùgbọ́n nínú $448 yẹn ni tiwọn wà. Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá máa ń kọ ọ́ sínú àlàyé wọn pé àwọn tó ń ṣe yàrá, àwọn tó ń gbé oúnjẹ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tójú èrò ò tó, gbogbo wọn ló ń pín in. Nígbà tí ọmọ yín yọ ọ́, gbogbo àwọn yẹn pàdánù, $20 tẹ́ ẹ sì fún ọ̀gbẹ́ni yẹn, láwọn kọ́ńpìnnì kan, tí èrò bá ti yọ típù ojoojúmọ́ kúrò, owó tí wọ́n bá fún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ lọ fi sílẹ̀ kí wọ́n pín in ni. Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí wọn ò kọ gbogbo ẹ̀ mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀? Tí wọ́n bá ti sọ iye ẹ̀ fún mi kí n tó wọkọ̀, ṣé mo máa bínú ni?"

Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn, èmi pẹ̀lú Màmá ò ní ìjà lórí ẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan ti ń ṣe é. P&O Cruises tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ owó típù ojoojúmọ́ kúrò láti oṣù karùn-ún 2019, wọ́n ní ó ti wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Marella náà, típù ti wà nínú tiwọn. Àwọn ọkọ̀ olówó gọbọi bíi Silversea àti Seabourn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn tí kò ṣe é, mo rò pé ìdí ẹ̀ ò ju pé wọ́n fẹ́ kí owó tíkẹ́ẹ̀tì kéré lójú ẹni tó ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, kó tó wá jẹ́ pé inú ọkọ̀ lèèyàn ti máa rí èyí tó kù. Owó yẹn sì ń gòkè ni. Ní 2023, kọ́ńpìnnì Carnival gbé e láti $14.50 lọ sí $16 fún yàrá tí kì í ṣe suite, ìyẹn yàrá ńlá olówó gọbọi, Norwegian gbé tiwọn láti $16 dé $20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ọdún yẹn náà ni Norwegian sì dín iye ìgbà tí wọ́n ń tún ọ̀pọ̀ yàrá ṣe kù láti ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Kí èèyàn bínú sí wọn lórí ìyẹn, ó tọ́. Kó kọ lẹ́tà sí wọn, kó má wọ ọkọ̀ wọn mọ́, kó lọ wọ ti ẹni tó ń kọ gbogbo owó síta, gbogbo ìyẹn ló tọ́.

Ohun tí ò tọ́ ni ká fi ìbínú ọ̀gá gbẹ̀san lára ọmọṣẹ́. Ẹ wò ó báyìí: ìyá olóúnjẹ kan gba iṣẹ́ òde ńlá, ó kó àwọn ọmọ jọ tí wọ́n máa bá a gbé oúnjẹ, ó ní díẹ̀ ni mo máa fún yín o, ẹ máa rí tó kù lọ́wọ́ àwọn àlejò. Àlejò dé, wọ́n ná owó fún onílù, wọ́n ná an fún olórin, ọmọ tó ń sáré gbé ìrẹsì àti ẹran kiri láàárọ̀ṣúlẹ̀ ò rí kọ́bọ̀. Ìyá olóúnjẹ la máa bá wí, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ló máa fi ẹsẹ̀ rìn láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá?

Mo mọ̀ pé ó ní ìdí táwọn èèyàn wa fi ń fura sí gbogbo owó tí wọ́n bá kọ "service" sí. Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ṣiṣẹ́ (mi ò ní dárúkọ wọn), wọ́n máa ń kọ ìdá mẹ́wàá owó sáfíìsì sórí rìsíìtì gbogbo àlejò, àlejò á rò pé àwọn ti ṣe dáadáa fún wa, wọn ò ní fún wa ní nǹkan mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí oṣù kan tí a rí ìdá mẹ́wàá yẹn. Tá a bá béèrè, ọ̀gá á ní owó jẹnẹrétọ̀ ni. Ó ká mi lára títí dòní. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ti ṣòfin lórí irú ẹ̀, láti oṣù kẹwàá 2024 ni òfin ti ní gbogbo típù tí oníbàárà bá san, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé, ọ̀gá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá gbé irú òfin yẹn wá síbí lọ́la, èmi ni mo máa kọ́kọ́ jó.

Ó dáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, bóyá àwọn ọmọ yín ló fẹ́ mú yín lọ tàbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ fowó jọ. Ẹ bi wọ́n ní iye típù ojoojúmọ́ kẹ́ ẹ tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi iye àwọn èèyàn yín sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi iye ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ sì kà á mọ́ owó ìrìn àjò náà látilé. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì gbà kẹ́ ẹ san án ṣáájú, ó dáa bẹ́ẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀, bíìlì ọjọ́ ìkẹyìn ò ní já yín láyà. Owó ọtí àti mínírà, wọ́n ti ń ro ìdá 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn fún típù, ẹ kíyè sára níbi rìsíìtì, torí wọ́n á tún fi àyè kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ kọ típù míì, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé kò tíì san nǹkan kan, á sì san án lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá wù yín kẹ́ ẹ fi kún un, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àfikún ni. Àwọn alábàárù tó ń gba àpótí lọ́wọ́ yín létíkun ní Amẹ́ríkà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀, wọn kì í pín nínú típù inú ọkọ̀, dọ́là kan sí méjì lórí àpótí kan ni wọ́n máa ń retí, ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá bá yín ní yàrá lóru, ẹ fún un ní dọ́là méjì mẹ́ta lọ́wọ́. Awakọ̀ àti afinimọ̀nà tó mú yín rìn nílùú tẹ́ ẹ bá dúró sí, tiwọn náà lọ́tọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún káfútéènì ní típù o, tàbí dókítà ọkọ̀, wọn ò sí nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe dáadáa fún yín bí ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé yìnyín fún Màmá Tíṣà, ẹ fi típù ojoojúmọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wá fún un ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ẹ́ńfílóòpù. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn ìrìn àjò, orúkọ gan-an bó ṣe wà lórí báàjì àyà ẹ̀, àwọn ọ̀gá wọn máa ń kà á, ó sì máa ń ṣe wọ́n láǹfààní tí wọ́n bá fẹ́ fún wọn ní kọ́ńtíráàtì míì tàbí gbé wọn ga. Màmá ò mọ̀ nípa ìyẹn, wọ́n ní àwọn á ní kí ọmọ àwọn wá ìméèlì yẹn jáde.

Ó wá ku ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ náà. Òfin 2006 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn sọ ọ́ kedere pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó bá a wá iṣẹ́ ọkọ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè fúnra ẹ̀ san kò ju owó páásípọ́ọ̀tù, ìwé atukọ̀ àti àyẹ̀wò ara tí òfin orílẹ̀-èdè béèrè. Owó fíísà, ọlọ́kọ̀ ló ni ín. Nítorí náà ejẹ́ǹtì tó bá ní kó o fi owó fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lónìí, owó fíísà lọ́la, owó ìdánilójú lọ́tùnla, sá fún un. Ọmọbìnrin kan ní Láfẹ́nwá ta kẹ̀kẹ́ ìránṣọ ìyá ẹ̀ láti fi san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ò rí lójú rí, orí WhatsApp ni wọ́n ti pàdé, nígbà tó gbé lẹ́tà yẹn wá bá wa pé ká bá òun tẹ̀ ẹ́, mo rí i pé ìméèlì lásán tí ẹnikẹ́ni lè ṣí ni àdírẹ́ẹ̀sì kọ́ńpìnnì náà. Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá ní sáìtì tiwọn tí wọ́n ti ń dárúkọ àwọn ejẹ́ǹtì tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, lọ wò ó níbẹ̀. Ministry of Labour ló ń fún àwọn tó ń báni wá iṣẹ́ ní láísẹ́ǹsì, NIMASA ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ ní Nàìjíríà, béèrè lọ́wọ́ wọn.

Tí kọ́ńtíráàtì bá sì jẹ́ òótọ́, wá ìlà tí wọ́n ti fọwọ́ sọ̀yà iye tó dájú, ìyẹn ni kó o fi ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí èyí tó bá wá lórí ẹ̀ wá. Béèrè bí wọ́n ṣe ń pín típù, àti bóyá ó máa hàn lórí páyísílíìpù rẹ lóṣooṣù. Béèrè ta ló ń san owó ọkọ̀ òfuurufú ìgbà tó o máa lọ. Béèrè oṣù mélòó àti wákàtí mélòó lóòjọ́. Tó bá jẹ́ Abẹ́òkúta lo wà, tó o sì fẹ́ ká jọ kà á, gbé e wá sí Panṣẹ́kẹ́ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ fọ́ọ̀mù JAMB, mi ò ní gbowó kíkà lọ́wọ́ rẹ, owó ìtẹ̀wé nìkan ni.